Ewì Apanilẹ́rìn-ín: Àyè Ẹ̀rín nínú Ewì Yorùbá, pẹ̀lú Àfiwé Díẹ̀ láti Amẹ́ríkà

Ewì apanilẹ́rìn-ín ni ewì tí akéwì mọ̀ọ́mọ̀ gbé kalẹ̀ láti mú olùgbọ́ tàbí òǹkàwé rẹ́rìn-ín, tí ó sì ń fi ẹ̀rín náà ṣe ọ̀nà láti sọ ohun tí ó ṣòro láti sọ lójúkorojú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka irú ewì bẹ́ẹ̀ sí eré lásán. Wọn a kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé “akéwì pa wá lẹ́rìn-ín”, wọn a sì tẹ̀ síwájú. Àṣìṣe ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Òwe yìí fi hàn pé ẹ̀rín lè wà níbi tí ìbànújẹ́ ti pọ̀ jù, àti pé ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín lè ní ẹjọ́ pàtàkì láti rò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Àwàdà ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jù, ó sì lè má bá ẹnikẹ́ni wí. Àpárá ń wáyé láàárín àwọn tí wọ́n mọ ara wọn dunjú, tí a kò retí pé kí ẹnikẹ́ni bínú. Yẹ̀yẹ́ ní tirẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ní ẹni tí a fi ń ṣe é. Ẹ̀fẹ̀ lè túmọ̀ sí àwàdà lásán, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu, orúkọ odidi eré alẹ́ kan ni pẹ̀lú.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀rín nínú ewì Yorùbá jẹ́ àyè tí àwùjọ fún akéwì, àyè náà sì ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí ewì kúrò lójú agbo, tí ó wọ inú ìwé, akéwì pàdánù púpọ̀ nínú àyè yìí. Ọgbọ́n ìlò èdè ni ó wá di agọ̀ tí ó ń gbé wọ̀.

Orísun: Ẹ̀fẹ̀ alẹ́ àti eégún aláré

Ibi tí a ti lè rí àyè ẹ̀rín yìí kedere jù ni eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn ń ṣe ní àwọn ìlú bíi Kétu, Ìmẹ̀kọ àti Ìlaró. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn àṣà àjogúnbá tí ó ta yọ láyé, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àjọ náà ní 2008 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀sán ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń wáyé, ṣùgbọ́n alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ti Ẹ̀fẹ̀. Ní ojú ọjà, nínú òkùnkùn, ọkùnrin tí ó gbé agọ̀ Ẹ̀fẹ̀ wọ̀ a jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn òrìṣà, àwọn àgbà àti àwọn ìyá tí agbára ìlú wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìjúbà yìí ni yóò wá kọrin nípa ohun tí ojú ìlú ti rí: olè, alágbèrè, ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, ẹni tí ó ń gbéra ga. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú orin kò ní ẹ̀tọ́ láti gbẹ̀san. Kì í ṣe ẹnu ara rẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Àṣẹ àwọn ìyá ni ó ń lò.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn jẹ́ ọjọ́ tí àwọn ènìyàn lè kọrin tí ẹnu kò gbà lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n sì fi ẹni ńlá ṣe yẹ̀yẹ́ láìsí ìbẹ̀rù. Láàárín àwọn Ọ̀yọ́, àwọn eégún aláré, tí wọ́n ń pe ẹ̀ṣà, a máa fi agọ̀ ṣe àfarawé ọ̀mùtí, Tápà, Ìdàhọ̀mì àti òyìnbó. Ní 1826, arìnrìn-àjò ará Scotland kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ wáyé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbé òyìnbó kan jáde: ó rí tín-ín-rín, ara rẹ̀ funfun bálau, òtútù ń mú un, ó ń fa áṣáà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ ilẹ̀ tẹ̀. Àwọn olùwòran ń rọ àwọn àlejò náà pé kí wọ́n fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba amúnisìn tó dé, àwọn òṣèré Ọ̀yọ́ ti wo òyìnbó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀rín dájọ́ rẹ̀.

Òfin àyè náà

Òwe kan ni a fi ń ṣe àkópọ̀ ẹ̀tọ́ yìí: ọba kì í pa òkorin. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé òkorin lè kọ ohunkóhun, níbikíbi, nígbàkígbà. Bí a bá wo Ẹ̀fẹ̀, Òkèbàdàn àti eégún aláré pọ̀, a óò rí òfin mẹ́ta tí wọ́n fi jọra.

Èkíní ni àkókò àti ibi. Ohun tí ó tọ́ lójú ọjà ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ lè di ẹ̀sùn ní ààfin lọ́jọ́ kejì. Èkejì ni ìjúbà: akéwì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé agbára kan wà tí ó ju tòun lọ, kí ó tó fi agbára ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé àwùjọ tí ó ń rẹ́rìn-ín mọ ẹni tí a ń bú, wọ́n sì mọ ohun tí ó ṣe. Òfin kẹta yìí ni ó ń sọ ẹ̀rín di ìdájọ́. Bí àwùjọ kò bá gbà pé òótọ́ ni, wọn kò ní rẹ́rìn-ín, orin náà yóò sì kú sẹ́nu òkorin.

Láti ojú agbo dé inú ìwé

Nígbà tí ìwé kíkọ dé, akéwì bọ́ agọ̀ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára èèpo ìwé. Kò sí alẹ́, kò sí ojú ọjà, ẹni tí ó ń kà á sì lè má mọ ìlú akéwì rárá. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kojú ìṣòro yìí ni D. A. Ọbasá ti Ìbàdàn, òǹtẹ̀wé àti oníròyìn tí ó dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924. Ó tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, èkejì tẹ̀ lé e ní 1934, ẹ̀kẹta sì jáde ní 1945. Ọ̀nà tí Ọbasá gbà ni pé ó kó òwe àti ọgbọ́n ẹnu àwọn àgbà jọ lábẹ́ orí-ọ̀rọ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí ó bá bínú sí irú ewì bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ni ó bínú sí, kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan. Òwe ni agọ̀ Ọbasá.

Àwọn ìran tí ó tẹ̀ lé e wá ọ̀nà mìíràn. Afọlábí Ọlábímtán, ọmọ Ìlaró, tẹ Àádọ́ta Àròfọ̀ jáde ní 1969. Ìlú tí Ẹ̀fẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ni Ìlaró, nítorí náà kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé akéwì tí ó ti ibẹ̀ wá mọ bí a ṣe ń fi àròfọ̀ wo ìwà àwùjọ. Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ kọ Àròyé Akéwì ní 1973, ó sì gbé ewì rẹ̀ sórí rédíò àti àwo orin, tí ohùn akéwì fi padà sí etí àwùjọ. Ní 1978, Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a mọ̀ mọ àwàdà nínú ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, tẹ Àfàìmọ̀ àti Àwọn Àròfọ̀ Mìíràn jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣe àkọlé. “Àfàìmọ̀” ni Yorùbá fi ń sọ ohun tí wọ́n ń fura sí, tí wọn kò tíì fi ẹnu ara wọn dá lẹ́jọ́. Ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n a kò lè dì í mú mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe agọ̀ fún akéwì tí kò ní agọ̀ aṣọ.

Ọgbọ́n ìlò èdè

Àwọn ọgbọ́n tí a sábà ń bá pàdé nínú ewì apanilẹ́rìn-ín kò ju mélòó kan lọ. Àwọn àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kò ti inú ìwé ẹnikẹ́ni wá. A ṣe wọ́n fún àlàyé ni.

Ìfọ̀rọ̀dárà ni àkọ́kọ́. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ni ó sábà ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín: “Ọkọ ra ọkọ̀, ó gbàgbé ọkọ́.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró nìkan ni ó pani lẹ́rìn-ín. Gbólóhùn náà ti sọ ìtàn àgbẹ̀ kan tí owó dé bá, tí ó kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ tí ó mú owó náà wá.

Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni èkejì, níbi tí ìyìn ti ń ṣe iṣẹ́ ìbáwí: “Ẹ kú iṣẹ́, alága. Pẹ́pẹ́yẹ wa kò lọ sódò mọ́. Àárín títì ni wọ́n ti ń wẹ̀.” Kò sí èébú kan nínú rẹ̀. Alága tí ó bá bínú ti jẹ́wọ́ pé òun mọ bí títì náà ṣe rí.

Yíyí òwe padà ni ẹ̀kẹta: “Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, fóònù ni àgbà ń tẹ̀.” Ẹni tí kò bá mọ òwe àkọ́kọ́ kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò bi ara rẹ̀ bóyá òun gan-an ni àgbà náà.

Àsọdùn àti ìfohunpènìyàn ń ti àwọn mẹ́ta yìí lẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ti ewì apanilẹ́rìn-ín nìkan. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé níhìn-ín, wọ́n ń fún akéwì ní ọ̀nà àbáyọ: ó lè máa sọ pé eré lòún ń ṣe.

Àfiwé láti Amẹ́ríkà

A lè túbọ̀ rí bí òfin àyè ẹ̀rín ṣe rí bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ewì ilẹ̀ mìíràn tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Láti ìdajì ọ̀rúndún ogún ni irú ewì kan ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ó kún fún àwàdà, tí ìrònú rẹ̀ sì máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí òǹkàwé retí. Kenneth Koch àti Frank O’Hara wà lára àwọn tí wọ́n la ọ̀nà rẹ̀. Ìwé Lunch Poems ti O’Hara jáde ní 1964. Russell Edson kọ ewì tí a tò bí ọ̀rọ̀ geere, tí ohun àràmàǹdà ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lásán. James Tate gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1992. Charles Simic, tí a bí ní Belgrade, gbà á ní 1990 fún ìwé The World Doesn’t End. Billy Collins di akéwì àgbà fún orílẹ̀-èdè náà láti 2001 sí 2003, ó sì dá ètò Poetry 180 sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé ìwé gíga lè máa gbọ́ ewì kan lójoojúmọ́ fún 180 ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́. Kay Ryan, tí ewì rẹ̀ kúrú, tí ó sì mú bí abẹ, wà ní ipò náà láti 2008 sí 2010.

Nínú ọ̀pọ̀ ewì wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, akéwì kò sì rẹ́rìn-ín rárá bí ó ti ń rọra mú òǹkàwé dé ibi tí ojú kò rí rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń kà á, nínú yàrá rẹ̀. Kò sí agbo, kò sí ìjúbà, kì í sì í sábà sí ẹni tí a dárúkọ. Ẹ̀rín Ẹ̀fẹ̀ ń wá láti inú ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí ẹnì kan wá sọ síta. Ẹ̀rín irú ewì yìí ń wá láti inú ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ewì Amẹ́ríkà ni ó jìnnà sí wa báyìí. Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ní àṣà bíbú ara ẹni pẹ̀lú ọgbọ́n níwájú àwùjọ, tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bínú ni ó fìdí rẹmi. Langston Hughes, akéwì ńlá wọn, ṣe àkójọ àwàdà àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú The Book of Negro Humor ní 1966. Harryette Mullen fi ìfọ̀rọ̀dárà kún inú Sleeping with the Dictionary ní 2002. Ní 1988, Henry Louis Gates kọ The Signifying Monkey, níbi tí ó ti gbé Èṣù Ẹlẹ́gbára ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bọ ọlọ́gbọ́n inú ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí ó sì fi àwọn méjèèjì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. A kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo àwàdà wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ohun tí a lè sọ ni pé ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan rí i pé òun nílò òrìṣà Yorùbá kí òun tó lè ṣàlàyé ẹ̀rín àwọn ènìyàn òun.

Ìṣòro ìtumọ̀

Àfiwé yìí gbé ìbéèrè dìde: ṣé ẹ̀rín lè sọdá láti èdè kan sí òmíràn? Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ní 2021, Kọ́lá Túbọ̀sún tẹ Ìgbà Èwe jáde, ìtumọ̀ ewì Emily Grosholz ti Amẹ́ríkà sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ewì apanilẹ́rìn-ín ni ó le jù láti túmọ̀. Ẹ gbé “Ọkọ ra ọkọ̀, ó gbàgbé ọkọ́” lọ sí Gẹ̀ẹ́sì: ìtàn àgbẹ̀ náà yóò dé ibẹ̀, eré ohùn kò ní dé. Ẹ gbé pẹ́pẹ́yẹ tí ń wẹ̀ lójú títì lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tán, nítorí pé títì burúkú kò ní èdè. A lè sọ nígbà náà pé àwàdà tí ó dúró lórí ìṣẹ̀lẹ̀ a máa rìn jìnnà, èyí tí ó dúró lórí ìró kì í fẹ́ kúrò nílé. Àwọn akéwì Nàìjíríà kan ti wá ọ̀nà kẹta, wọ́n fi Pidgin kọ ọ́, èdè tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà jọ ń fi rẹ́rìn-ín. Àpẹẹrẹ ni Pidgin Stew and Sufferhead ti Frank Aig-Imoukhuede, tí ó jáde ní 1982, àti I Wan Bi President ti Ezenwa-Ohaeto, tí ó jáde ní 1988.

Ta ni a fi ń rẹ́rìn-ín?

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni èyí. Àwọn eégún aláré fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi Tápà àti Ìdàhọ̀mì ṣe é pẹ̀lú, ìyẹn àwọn aládùúgbò tí Ọ̀yọ́ ti bá jagun. Ní ojú agbo Ọ̀yọ́, èyí lè dà bí eré. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí ibòmíràn wò.

Ẹ wo Kúrú, nítòsí Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n nítorí NIPSS, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà tí ń kọ́ nípa ètò ìlú. Ilẹ̀ Bẹ̀rọ́ọ̀mù ni, Haúsá, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì ń gbé agbègbè náà. Ní September 2001, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Ní January 2010, ó dé Kúrú Karama, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá dìde ní irú ibẹ̀, tí ó ka ewì tí ń sín ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀yà mìíràn jẹ, kò lè sọ pé àṣà ìbílẹ̀ òun fún òun láyè. Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti rú. Kò sí ní ibi àti àkókò tí a yà sọ́tọ̀. Kò júbà ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ kò gbà pé ẹni tí ó ń bú ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan ju pé ó jẹ́ ẹni tí ó jẹ́. Ewì kan náà tí ó jẹ́ eré ní Ọ̀yọ́ lè di epo tí a dà sí iná níbẹ̀.

Èyí ni ìyàtọ̀ tí Ẹ̀fẹ̀ fi kọ́ wa. Orin Ẹ̀fẹ̀ a máa mú ìwà, kì í mú ìbí. Ó sì gbóná jù nígbà tí ó bá kojú ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ewì bá fi aláìlágbára, abirùn tàbí àlejò rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlò èdè rẹ̀ gún régé, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín.

Ìlànà fún àtúpalẹ̀

Bí a bá fẹ́ ṣe àtúpalẹ̀ ewì apanilẹ́rìn-ín, ìbéèrè mẹ́rin ni kí a bi í. Èwo nínú ọgbọ́n ìlò èdè ni ó fa ẹ̀rín náà? Kí ni òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó lè rẹ́rìn-ín? Ta ni a fi ń rẹ́rìn-ín, ṣé ó ní agbára ju akéwì lọ tàbí kò tó o? Èwo ni agọ̀ tí akéwì fi bo ara rẹ̀, ṣé òwe ni, ìyìn ni, tàbí ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan? Ìdáhùn sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fi hàn bóyá ewì náà kàn fẹ́ dá wa lára yá ni, tàbí ó ní ẹjọ́ láti rò níwájú àwùjọ. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, àwùjọ ni adájọ́. Nínú ìwé, òǹkàwé ni.